Wọ́n Ní Sherifat Ló Sọ Lẹ́tà Ọlọ́run Di Kékeré

Mo wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí wọ́n ba Sherifat jẹ́, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ ìyẹn ná, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹni mímọ́ kan ló ń sọ ìtàn yìí.

Ọjọ́ Àìkú tí ìjọ wa pé ọgbọ̀n ọdún ni. Ní Walworth, ní Lọ́ńdọ̀nù, la ti ń jọ́sìn, nínú gbọ̀ngàn kan tó wà lókè ilé ìtajà. Wọ́n ti tẹ ìwé kékeré kan ní èdè Yorùbá fún ọjọ́ náà, àdúrà àti ìwé kíkà ló kún inú rẹ̀, a sì gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Akọrin ni wọ́n ní kó kàwé àkọ́kọ́. Bí a ṣe ń pe bàbá náà nìyẹn, torí pé wọ́n ti ń kọrin nínú ìjọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀; wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bàbá dìde, wọ́n gbé ìwé sún mọ́ ojú, wọ́n kà á báyìí pé:

"Hánà ké pe Olúwa, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì wólẹ̀ níwájú rẹ̀."

Wọ́n dúró. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún ìlà náà kà. Wọ́n wá gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ta ló wólẹ̀ fún ta níbí yìí?"

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwa àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé. "Ó" tó jẹ́ ti Ọlọ́run, kékeré ni. "Rẹ̀" tó jẹ́ ti Ọlọ́run, kékeré ni. "Òun", kékeré. Láti ojú ewé kìíní títí dé ìkẹyìn, ibi tí wọ́n ti dárúkọ Olúwa gan-an nìkan ni lẹ́tà ńlá kù sí. Gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ibẹ̀ ni Sístà Folúkẹ́, akọ̀wé ìjọ wa, ti gba máìkì.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin ará. Mo mọ ibi tí èyí ti wá. Mùsùlùmí lobìnrin tó tẹ ìwé yìí. Mo ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ká má gbé iṣẹ́ mímọ́ fún irú wọn. Ẹ wo ohun tó ṣe sí Ọlọ́run wa. Ó mọ̀ọ́mọ̀ sọ Ọ́ di kékeré!"

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ìyá kan pariwo lẹ́yìn mi. Àwọn mìíràn ń mi orí. Pásítọ̀ wa kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ní ká gbàdúrà. Mo di ojú mi bí gbogbo èèyàn. Mo mọ Sherifat. Àtẹ̀gùn kan náà la jọ ń gùn ní ilé ìjọba tí a ń gbé ní Peckham. Ilẹ̀kùn rẹ̀ àti tèmi kọjú síra wọn. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo ṣe àmín.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́.

Sherifat Bákàrè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un lọ kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Nígbà yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń to lẹ́tà òjé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àpótí méjì ló máa ń wà níwájú ẹni tó ń tò ó: lẹ́tà ńlá nínú ti òkè, lẹ́tà kékeré nínú ti ìsàlẹ̀. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni ọ̀gá rẹ̀, ẹnu ọkùnrin náà sì mú. Bí ọmọṣẹ́ kan bá fi "ó" kékeré síbi tó ti jẹ́ ti Ọlọ́run, ọ̀gá á tú gbogbo ìlà náà ká mọ́ ọn lọ́wọ́. "Na ọwọ́ rẹ sókè! Kò ní kán!" Ìwé oníṣọ́ọ̀ṣì ni o, ìwé àwọn aláásáláátù ni o, òfin kan náà ni. Sherifat sọ fún mi pé ọdún kan gbáko lòun fi ń lá àlá àpótí òkè yẹn.

Nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2004, ilẹ̀ ọ́fíìsì ló kọ́kọ́ ń nù. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀wálé, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan nítòsí Rye Lane, gbà á síṣẹ́. Ọdún mẹ́rìnlá ló lò níbẹ̀. Òun ló sọ ṣọ́ọ̀bù náà di ohun tó dà. Àwọn ìjọ láti New Cross títí dé Sydenham ń gbé ìwé Yorùbá wọn wá, torí pé ó mọ ibi tí àmì ń gbé. Ẹlòmíràn á tẹ ìwé ìgbéyàwó, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyàwó ti rí "ọkọ́", bí ẹni pé oko ni wọ́n fẹ́ lọ ro. Irú ìyẹn kò lè ti ọwọ́ Sherifat jáde. Á lọ kírun ní ọ̀sán Jímọ̀, á sì padà wá parí ìwé tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì máa lò ní ọjọ́ Àìkú. Láàárín ọdún mẹ́rìnlá, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi í léèrè ẹ̀sìn rẹ̀ rí. Ìgbà tí wọ́n wá ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi lé lórí ni wọ́n tó rántí.

Ní ọjọ́ Ajé, Akínbọ̀wálé dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Bí Sherifat ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi nìyí.

"Ìyá Hameedah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sinmi nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ilẹ̀ rọ̀."

"Kí ni mo ṣe, Ọ̀gá?"

"Kì í ṣe pé ẹ ṣe nǹkan kan. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni. Ọ̀rọ̀ ìwé wọn. Wọ́n ti gbé e sórí WhatsApp. Ẹ mọ bí business ṣe rí."

"Ṣé ẹ̀yin náà gbà pé èmi ni mo ṣe é?"

Ó yí ojú sí kọ̀ǹpútà. "Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ rọ̀ ná."

Kí ilẹ̀ rọ̀! Ilẹ̀ kì í dédé gbóná. Ẹnìkan ló ń dáná sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó kan ilẹ̀kùn mi. Ẹgbẹ́ ni wá, a kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ àyípo.

"Morónkẹ́, ṣé o wà níbẹ̀ lánàá?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n dárúkọ mi?"

"Wọn ò dárúkọ rẹ. Wọ́n kàn ní Mùsùlùmí tó tẹ̀ ẹ́ ni."

"Mùsùlùmí mélòó ló ń tẹ̀wé fún yín?"

Mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo sọ?"

Mo ní kó wọlé, kó jẹ́ kí n gbé omi tíì kaná. Kò wọlé.

"Mo ní kí lo sọ?"

"Mi ò sọ nǹkan kan."

Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí. Ó kàn na ọwọ́, ó ní kí n fún òun ní ìwé náà. Ó dúró sórí àtẹ̀gùn, ó ń ṣí i wò, ìbínú sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú rẹ̀ ní ọ̀nà tí n kò rò. Kì í ṣe ìbínú ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́ nìkan. Ìbínú oníṣẹ́ ọwọ́ tó rí i pé wọ́n ti fi iṣẹ́ òun ṣe ìdọ̀tí ni.

"Wo ibí. Gbólóhùn ló bẹ̀rẹ̀ níbí, 'ó' kékeré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wo ibí náà. Tí mo bá fẹ́ tàbùkù Ọlọ́run yín… Ọlọ́run yín kẹ̀? Ọ̀kan ṣoṣo náà ni. Tí mo bá fẹ́ tàbùkù Rẹ̀, ṣé n ó tún gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ni? Ẹnìkan ló pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kó pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni náà ò sì kà á lẹ́yìn tó ṣe tán!"

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ kó ẹrù rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù: gíláàsì ìkàwé, ife tíì, àti fáìlì kan tó máa ń wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó tẹ iṣẹ́ kankan, wọ́n máa ń kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan jáde kí ẹni tó niṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì fọwọ́ sí i. Púrúùfù ni àwọn ará Ṣómólú ń pè é. Sherifat kì í ju púrúùfù nù. Ó yọ ti ìjọ wa jáde, ó tẹ́ ẹ síwájú Akínbọ̀wálé. Lẹ́tà ńlá wà níbi gbogbo tó yẹ kó wà. Nísàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni ẹnìkan ti fi bíróò aláwọ̀ búlúù fọwọ́ sí i, tó kọ ọjọ́ Ọjọ́rú sí i. Ta ni ẹni náà? Folúkẹ́ ni.

Ẹ kà á dáadáa. Folúkẹ́, tó gba máìkì tó ní Mùsùlùmí mọ̀ọ́mọ̀ sọ Ọlọ́run di kékeré, òun fúnra rẹ̀ ló ti rí ìwé náà pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, tó sì buwọ́ lù ú.

"Ọ̀gá," Sherifat bi í, "kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín Ọjọ́rú sí Sátidé?"

Ọkùnrin náà ti púrúùfù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kúnmi ni, ọmọ Pásítọ̀ wọn. Ó fi file mìíràn ránṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí ẹ wà ní mọ́sálásí. Ó ní òun ti tún un ṣe. Mo kàn tẹ̀ ẹ́ ni, mo sì ti dì í kẹ́ ẹ tó dé."

"Ẹ ti mọ èyí láti ọjọ́ Àìkú?"

"Ìyá Hameedah, ọmọ Pásítọ̀ ni. Ìjọ márùn-ún ló ń bá wa ṣiṣẹ́ torí bàbá yẹn. Tí mo bá ní ọmọ wọn ló ṣe é…"

"Nítorí náà, kó jẹ́ èmi."

"Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo ní kẹ́ ẹ fi sinmi."

Ọdún mẹ́rìnlá. Obìnrin yìí wá síṣẹ́ nígbà tí òjò dídì bo Peckham tí bọ́ọ̀sì kò rìn. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, kí òkìkí ibi fi ràn kálẹ̀ dáadáa! Ìgbà tó sọ ọ́ fún mi nílé rẹ̀, èmi ni mo fọwọ́ gbá tábìlì. Òun kò gbá nǹkan kan. Ó ní, "Ọjọ́ Àìkú, o máa mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yín." Kì í ṣe ìbéèrè.

Hameedah, ọmọ rẹ̀ tó bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì council, kò fẹ́ rárá. "Mummy, ẹ má lọ bẹ àwọn people yẹn o. They've disrespected you already. Allow them, man, ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

"Mi ò lọ bẹ ẹnikẹ́ni. Mò ń lọ gba orúkọ mi."

A wọ bọ́ọ̀sì 12 ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Híjáàbù funfun tó máa ń wọ̀ lọ kírun ló wọ̀, ó gbé fáìlì lé itan. Ó jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn, ó fara balẹ̀ gbọ́ ìwàásù látòkè délẹ̀. Nígbà tó di àkókò ìkéde, mo nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà nípa ìwé àjọ̀dún wa. Ohun tí a gbọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá kì í ṣòótọ́."

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Sístà Morónkẹ́, ẹ jẹ́ ká rí ara wa ní ọ́fíìsì lẹ́yìn ìsìn."

Sherifat dìde. "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Èmi ni Mùsùlùmí yẹn. Inú ọ́fíìsì kọ́ ni wọ́n ti bà mí jẹ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká lọ tún un ṣe ní ọ́fíìsì."

Ó rìn lọ síwájú, ó kọjá níwájú Folúkẹ́ bí ẹni tó kọjá lára ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé púrúùfù fún Bàbá Akọrin, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. Bàbá ṣí i ní ewé kan tẹ̀lé èkejì. Wọ́n ní, "Lẹ́tà ńlá ló wà níbí. Sístà Folúkẹ́, ṣé ọwọ́ yín kọ́ nìyí?"

Folúkẹ́ ní, "Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, sà. Mo kàn fọwọ́ sí i ni."

"Tí ẹ ò bá yẹ̀ ẹ́ wò," ni Sherifat wí, "báwo lẹ ṣe wá mọ ẹni tó bà á jẹ́?"

Ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọdé ṣí. Kúnmi ló jáde wá. Ọmọ ogún ọdún ni, ó ń kàwé ní yunifásítì ní New Cross, òun ló sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ọjọọjọ́ Àìkú, kò sí nínú gbọ̀ngàn nígbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́sí. Ó ti gbọ́ ohùn wa.

"Daddy, èmi ni. I changed it. Aunty yìí ò ṣe nǹkan kan." Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Wọ́n kọ́ wa ní uni pé àwọn ìwé Bíbélì àtijọ́ ò ní capital letter fún God. Bíbélì tí mo ń kà gan-an, small letter ni. Mo rò pé mò ń fix ẹ̀ ni. Nobody told me wọ́n ní Aunty ló ṣe é. Ẹ má bínú, ma."

Ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo rò pé Sherifat máa da ìbínú rẹ̀ lé e lórí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Tí bàbá rẹ bá wọlé, ṣé 'ó dé' lo máa ń sọ àbí 'wọ́n dé'?"

"Wọ́n dé, ma."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà, wọ́n dé."

"Ọlọ́run ńkọ́?"

Kúnmi ronú. "Ó."

"O ṣeun. Àgbà gbogbo la ń fi 'wọ́n' bọ̀wọ̀ fún lédè Yorùbá. Ọlọ́run nìkan la kì í fi ṣe ọ̀pọ̀, torí ọ̀kan ṣoṣo ni. 'Ó' Rẹ̀ àti 'ó' ọmọ ọwọ́, bákan náà ni wọ́n ń dún létí. Lórí ìwé, lẹ́tà ńlá yẹn nìkan la ní. Òyìnbó lè yọ tiwọn. Àwa tí a bá yọ ọ́, kí ló kù?"

"Ṣùgbọ́n God ò kéré sí i torí lẹ́tà, ma."

"Kò lè kéré. Ṣùgbọ́n Bàbá yìí kàwé níbí, wọn ò mọ ẹni tó wólẹ̀ fún ta. Síbẹ̀, tó bá jẹ́ pé ìjọ yín ló pinnu pé kékeré lẹ fẹ́, n ó tẹ kékeré fún yín. Ìwé yín ni." Ó wá yíjú sí gbogbo wa, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Lẹ́tà kọ́ ló gbé mi wá síbí. Irọ́ ló gbé mi wá. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń to orúkọ Rẹ̀, mi ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un rí. Ẹ̀yin tí mo ń ṣiṣẹ́ fún, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ pé mo ṣe irú nǹkan báyìí, ẹ ò sì bi mí."

Pásítọ̀ dìde. Wọ́n ní ìjọ tọrọ àforíjì fún àṣìṣe tó wáyé.

"Àṣìṣe wo, sà?"

"Gbogbo ohun tó wáyé pátá, màmá."

"Kò dá wáyé, sà. Ta ló ṣe é?"

Pásítọ̀ wo Folúkẹ́. Folúkẹ́ wo inú báàgì rẹ̀. Èmi náà jókòó síbẹ̀, mo ti sọ tèmi, mo rò pé mo ti ṣe gudugudu méje. Bàbá Akọrin ló fi ọwọ́ ti ara wọn dìde.

"Sherifat, wọ́n purọ́ mọ́ ọ nínú ilé yìí. Sístà Folúkẹ́ ló pa á, Pásítọ̀ kò dá a lẹ́kun, àwa tó kù sì gbà á gbọ́. Èmi náà gbà á gbọ́. Jọ̀ọ́, má bínú."

Sherifat dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó gba púrúùfù rẹ̀, ó sì jáde.

Ó yẹ kí n lè sọ fún yín pé gbogbo nǹkan tò lẹ́yìn ìyẹn. Kò tò. Folúkẹ́ kò kọ ọ̀rọ̀ kan sórí WhatsApp ìjọ láti tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ burúkú tó kọ́kọ́ kọ ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú àmín bí ogójì lábẹ́ rẹ̀. Mo kọ òótọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Àmín mẹ́ta ni mo rí gbà. Pásítọ̀ fi ẹsẹ Bíbélì kan ránṣẹ́ lórí ìdáríjì. Akínbọ̀wálé pe Sherifat lẹ́ẹ̀mẹta pé kó padà. Ó ní òun máa padà lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá kọ̀wé sí ìjọ márààrún láti sọ ẹni tó pààrọ̀ ìwé náà. Kò tíì kọ ọ́. Sherifat ti wà ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn ní New Cross báyìí, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, àwọn ìjọ méjì sì ti tẹ̀lé e lọ. Kúnmi máa ń wá sílé rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀; mo máa ń gbọ́ ohùn wọn láti òdìkejì, tí Hameedah ń bá wọn jiyàn.

Ní oṣù tó kọjá, ìjọ yan Folúkẹ́ ṣe alága ìgbìmọ̀ ìwé. Mo kọ lẹ́tà pé n kò fara mọ́ ọn, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Wọn kò tíì fèsì, n ó sì tún òmíràn kọ.

Bí mo bá pàdé Sherifat lórí àtẹ̀gùn, mo máa ń kí i, ó máa ń dáhùn dáadáa, á béèrè orúnkún mi tó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, kò tíì wọ ilé mi.